Fùkù Kan, Ẹran Mẹ́ta

Èémí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sí abẹ́ awọ akọ màlúù náà. Ó wú, ó wú, ó gbéra nílẹ̀ bíi bàlúù Mẹ́kà. Ó fò kọjá lórí ọjà Ìpàtà, àwọn tó sá èlùbọ́ síta bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọlé, wọ́n rò pé òjò ló ṣú. Nígbà tó dé òkè Póòsì Ọ́fíìsì, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Màlúù náà sì dúró lójú òfuurufú títí àwọn kẹ̀kẹ́ fi kọjá tán. Orí òrùlé bánkì kan ló balẹ̀ sí. Mánẹ́jà jáde, ó ní ṣé ó fẹ́ ṣí àkáǹtì ni.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi màlúù náà.

Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ ní gbogbo Ìlọrin, àfi ẹnì kan: Ummu Salamah, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Tí mo bá sọ ọ́ tán, á ní, "Bàbá, ṣé ó lu òrùlé bánkì yẹn?" Màá ní ó lù ú, màá sì fi ihò mìíràn kún un. Orí àyà mi ló máa ń sùn sí tí mo bá ń sọ ọ́, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibi tí èémí náà ti jáde.

Mọ̀múdù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Ẹ̀fúùfù ni gbogbo odò ẹran ń pè mí. Odò ẹran ni ibi tí a ti ń pa ẹran tí ìlú ń jẹ. Ẹ má wá omi kiri níbẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn ní gọ́tà rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dú ewúrẹ́ tán, èmi ni mò ń dá ihò kékeré sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Màá fi ẹnu sí i, màá fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn á gba abẹ́ awọ lọ títí dé ọrùn, awọ á ṣí kúrò lára ẹran, ewúrẹ́ á wú bí ìrọ̀rí, ọ̀bẹ á wá máa sáré. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn, bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kà á, torí náà mo fi ọdún mẹ́ta gbọ́n ju àwọn tó fi ọdún mẹ́fà kà á lọ.

Tí ewúrẹ́ bá tán, ó di ìdí iná. Táyà ọkọ̀ la fi ń jó irun ara awọ màlúù tó ń di pọ̀nmọ́, nítorí igi wọ́n, táyà sì pọ̀ nílẹ̀ bí èpo ẹ̀gúsí. Èéfín rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń fi ọ̀bẹ gé e ní ègé-ègé, kí n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n tó lè rí ẹsẹ̀ màlúù tó wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń jáde tí mo bá fun imú nírọ̀lẹ́, ẹ lè fi kun ilẹ̀kùn. Tí ọyẹ́ bá tún dé, ìgbẹ́ màlúù á gbẹ, á di eruku, ẹsẹ̀ ẹran á gbé e sókè, a ó mí in símú pẹ̀lú eérú. Ogún ọdún ni mo fi mí in. Mi ò sọ àsọdùn níbẹ̀ o. Ogún ọdún gan-an ni.

Ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nínú ọyẹ́. Mo wú ọ̀kan nínú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdajì àwọn èèyàn rò pé ilé wó, wọ́n sá jáde láìwọ bàtà. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ lódò ẹran, àwọn alápatà á rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ á fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí mi ò sọ fún wọn ni pé ewúrẹ́ tí mo máa ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, mo ti ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò sọ pé òógùn ń rin ẹní mi gbinrin kí ìrun àsùbáà tó dé. Mi ò sọ pé okùn ni mo fi ń so ṣòkòtò.

Rokibat, ìyàwó mi, kò nílò kí n sọ ọ́. Òun ló ń fọ ẹní náà.

"Bàbá Ummu, ẹ lọ yẹ ara yín wò."

"Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Àyà tó gbé màlúù fò?"

"Màlúù wo? Lánàá tí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo láti ẹnu kànga, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ jókòó kí ẹ tó délé. Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn yín gbé tiẹ̀ kọjá yín lọ, ó tún kí yín kú ìsinmi."

"Mò ń dúró dè é ni. Ojú ń tì mí láti fi àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ká ẹní Ummu kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Ó ní títí tí ẹnì kan tó mọ̀wé á fi sọ irú ikọ́ tó jẹ́, ọmọ kò ní sùn sáyà mi mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni Sísítà Olúwatóyìn wá sódò ẹran. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òdìkejì títì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Olórí àwọn alápatà kó wa jọ sábẹ́ páánù. Sísítà bo imú, ó wo iná táyà, ó wò wá.

"Èéfín yìí ń jẹ àyà yín díẹ̀díẹ̀," ló wí. "Àyà tí èéfín bá ti jẹ, àìsàn kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ̀ ọ́. Ẹran tó ní ikọ́ fée ń mí in sí yín lára, ẹ̀yin náà sì ń fi ẹnu fẹ́ ẹran. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó gba ike kékeré kan lọ́wọ́ mi, kó wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òwúrọ̀ sí i, kó gbé e wá. A ò gba kọ́bọ̀. Oògùn rẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni."

"Sísítà," ni mo wí, "ike yìí kéré. Tèmi á kún dírọ́ọ̀mù."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ike náà lé mi lọ́wọ́.

Olórí wa wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ẹni tí ike rẹ̀ kò bá dáa, kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹran mọ́, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí iná, títí oṣù mẹ́fà tí á fi lo oògùn tán. Oṣù mẹ́fà! Ẹ̀fúùfù tí kò fẹ́, kí ni wọ́n á máa pè é? Mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn létí mi kí ẹnikẹ́ni tó rín in.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọgbọ́n kan fún yín nípa fùkù. Fùkù ni àwa alápatà ń pe ẹ̀dọ̀fóró ẹran, ohun tó fi ń mí. Àràárọ̀ ni dókítà ẹran máa ń wá. Á mú fùkù màlúù kọ̀ọ̀kan, á fi ọ̀bẹ là á, á wò ó bóyá ó ní hóró funfun nínú, tó rọ̀ bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Tó bá rí wàrà yẹn, wọ́n á da epo sí gbogbo màlúù náà, wọ́n á sun ún. Nítorí náà, tí a bá la ẹran tí a rí wàrà nínú rẹ̀, a ó yáa ju fùkù náà sí gọ́tà, a ó lọ mú fùkù màlúù tí dókítà ti yẹ̀ wò tán, a ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó má hàn pé wọ́n ti là á, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò dáa. Fùkù kan, ẹran mẹ́ta. Ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ jù ní gbogbo odò ẹran ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti fi fùkù kan han dókítà láti oṣù Rájábù títí di ọjọ́ Iléyá, ó tún ń yìn mí pé àwọn ẹran mi jọra bí ọmọ ìyá.

Ọgbọ́n tí ọwọ́ ti mọ̀ ni ọwọ́ ń ṣe.

Ìbùkún ni mo lọ bá. Ó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Malete, ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń yà wá ra pọ̀nmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá pe èrò ní gáréèjì, àwọn ará Malete á ti máa di ẹrù nílé.

"Ìbùkún, wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike yìí fún mi."

"Orí rẹ dá ṣáṣá? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Oògùn ni. Oògùn kí bọ́ọ̀sì rẹ má kú sójú ọ̀nà mọ́."

Ó wo bọ́ọ̀sì náà tí èèyàn mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ tì dé. Ó wò mí. Ó gba ike, ó wú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ṣé ó tó, àbí kí n fi ti kọ́ńdọ́kítọ̀ mi kún un?"

Mo gbé e lọ fún Sísítà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì di àyà mú bí aláìsàn tòótọ́. Ká má purọ́, mi ò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, káàdì mi jáde. Ẹ̀rọ kò rí kòkòrò kankan. Sísítà yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. Ó wo ọrùn mi, ó wo okùn ṣòkòtò mi.

"Ẹ̀rọ ò rí nǹkan, Bàbá Ummu. Ṣùgbọ́n ojú tèmi ń rí i. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹ sì jìnnà sí èéfín yẹn."

"Sísítà, èéfín ló ń jìnnà sí mi."

Mo gbé káàdì náà kiri odò ẹran bíi káàdì ìdìbò. Mo fi han ẹni tó mọ̀wé, mo fi han ẹni tí kò mọ̀wé, mo fi han àgbò kan tó ń dúró de ọ̀bẹ. Nílé, Rokibat fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní àlùhámúdù lílàì. Ó dín mọ́sà, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó ní sàráà ọpẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá rẹ̀, ó ká ẹní Ummu, ó gbé e padà wá tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Mo rí i nígbà tó ń tẹ́ ẹ. Mo ní ẹnu. Mi ò là á.

"Bàbá, ẹ sọ ti màlúù," ni Ummu wí, ó sì gùn mí láyà.

Ogójì ọjọ́ ló fi sùn síbẹ̀.

Kò wúkọ́ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ikọ́ kékeré bíi ti ọmọ ológbò ni. Lẹ́yìn náà ni kò jẹun mọ́. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́. Ọmọ tó máa ń sáré débi tí òjìji rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Sísítà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé, "Ṣé ẹnì kan ń wúkọ́ nílé?"

Inú báàgì ni Rokibat ti fa káàdì mi yọ. Láílọ́ọ̀nù ló fi wé e. "Bàbá rẹ̀ ni, ikọ́ èéfín ni. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ yẹ̀ wọ́n wò."

Sísítà gba káàdì náà, ó kà á, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó fún ọmọ ní oògùn ikọ́ olómi àti oògùn ibà. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka páánù òrùlé. Mo kà á lẹ́ẹ̀méje.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, a la màlúù funfun kan. Fùkù rẹ̀ kún fún wàrà, kò síbi tí èèyàn lè fi ìka sí. Àwọn yòókù wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀fúùfù, ọwọ́ rẹ dà?" Mo gbé fùkù náà. Ó wúwo. Màlúù yìí, koríko ló jẹ láti kékeré, atẹ́gùn oko ló mí, kò gbóòórùn táyà rí títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, fùkù rẹ̀ sì rí báyìí. Báwo wá ni tèmi? Báwo ni ti ẹni tó ń gbé etí lé e sùn? Mo dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn wọ apá aṣọ mi. Lẹ́yìn náà ni mo jù ú sí gọ́tà, mo mú èyí tó dáa, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Dókítà ẹran dé, ó wò ó, ó kọjá lọ. Mo borí. Ẹ̀rù sì bà mí pé mo borí.

Nígbà tí a tún máa gbé Ummu padà sí ilé ìwòsàn, Rokibat lè fi ọwọ́ kan gbé e bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn. Sísítà gbé e sórí ìwọ̀n, ó wo ìwé tó kọ tẹ́lẹ̀, ó tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Ummu, oògùn yìí kò ràn án. Àwọn ọmọdé kì í lè wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún wa, ìyẹn ló ń mú kó ṣòro. Ìbá ṣe pé mo mọ̀ pé ẹnì kan ní ikọ́ fée nínú ilé yín, òní olónìí ni dókítà á bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ní kò sí."

"Kò sí," ni Rokibat wí. Ó bojú wò mí, kí n lè bá a sọ pé kò sí.

Ummu bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Sísítà mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan nínú páálí, ó fẹ́ ẹ, ìka márààrún nà bí ọmú màlúù. Ummu dákẹ́. Ó gbà á, ó fún un mọ́ra, atẹ́gùn sì sá jáde kí ẹnikẹ́ni tó so ó.

"Ẹ mú un wá, màá tún un fẹ́," ni Sísítà wí.

Ummu mi orí. "Ẹ jẹ́ kí bàbá mi fẹ́ ẹ. Àwọn ni wọ́n fẹ́ màlúù tó fò dé Póòsì Ọ́fíìsì."

"Màlúù?"

"Ẹ ò mọ̀ ni? Ó balẹ̀ sórí bánkì. Bàbá, ẹ fẹ́ ẹ kí Sísítà rí i. Kó tóbi bí ilé o!"

Ó na ìbọ̀wọ́ náà sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ á dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á. Mo ní, "Ẹ sún mọ́ ògiri o, kí òrùlé yín má bàa lọ." Mo fi sẹ́nu, mo sì fẹ́ ẹ.

Àtàǹpàkò nìkan ló dìde. Ó dìde díẹ̀, ó tún wólẹ̀. Mo tún fẹ́ ẹ. Inú àyà mi han bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páánù lórí òkúta. Mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ikọ́ sì mú mi mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wúkọ́ títí mo fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Nígbà tó dá, ìbọ̀wọ́ náà ti pọ́n nínú.

 Sísítà fi aṣọ pẹlẹbẹ kan mú ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó bí dókítà ẹran ṣe ń wo fùkù. Ó wo káàdì mi lórí tábìlì. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá Ummu. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ta ni ẹ gbé wá fún mi?"

Irọ́ mẹ́ta ti dúró tì mí lẹ́nu, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọṣọ. Ummu ń wo ìbọ̀wọ́ náà, ó ń dúró kó tóbi bí ilé.

"Ti Ìbùkún ni," ni mo wí. "Awakọ̀ Malete."

"Ta ni Ìbùkún?" Ohùn Rokibat kò ga. "Bàbá Ummu, mo ní ta ni Ìbùkún?"

"Mo ní kó bá mi wú u síbẹ̀ ni."

Rokibat gbé ọmọ náà jẹ́jẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé Sísítà lọ́wọ́. Ó dìde. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so ìbàdí.

"Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi tẹ́ ẹní rẹ̀ padà," ló wí. "Ọwọ́ èmi. Mo tún dín mọ́sà."

Mo sá.

Mo fo bẹ́ǹṣì, mo já aṣọ ojú ọ̀nà, mo bọ́ sójú oòrùn. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí Sísítà ń já páálí oògùn, tó ń pariwo pe dókítà pé kó wá, pé wọ́n ti rí i, pé bàbá rẹ̀ ni. Mo gbọ́ ohùn Ummu láti ojú fèrèsé: "Màmá, ẹ wò wọ́n! Wọ́n fẹ́ fò!"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Rokibat lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo sì gbọ́ tí Sísítà pè é padà.

"Ẹ má lé wọn. Ẹ wá di ọmọ yín mú. Wọn ò lè dé géètì."

Irọ́ ló pa. Mo dé géètì. Mo tún gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin kọjá rẹ̀ kí ikọ́ tó dá mi jókòó.